Ẹ Bi Bàbá Onírédíò: Spíkà Gogoro Nínú Pálọ̀ Ẹsẹ̀ Bàtà 14

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìgbà òjò. Iná ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde, àmọ́ lẹ́tà ò dáwọ́ dúró. Márùn-ún ni mo mú lóṣù yìí. Ti Tíṣà láti Ṣágámù ló gùn jù, òun náà ni mo sì máa pẹ́ lórí ẹ̀ jù, torí kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnìkan kì í wá fi irú ìbéèrè yìí kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi.

*Bàbá Onírédíò, ẹ kú iṣẹ́. Tíṣà ni mí ní Ṣágámù, lápá Màkun. Pálọ̀ mi jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 14 ní gígùn, 12 ní ìbú, táìlì ló wà nílẹ̀. Mo ní tẹlifíṣàn 55 ínǹṣì àti rìsífà kan, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn fún spíkà, tí wọ́n kọ 80 wáàtì sí lára. Ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí kí n ra spíkà gogoro méjì, kí ọ̀kan dúró lọ́tùn-ún tẹlifíṣàn, kí èkejì dúró lósì, kí pálọ̀ náà di ilé sinimá. Mo ti tọ́jú N800,000. Ẹni tó ń tà á ní Èkó ní kí n mú èyí tó ga dé àyà mi, tó ní wúfà (awo ńlá tó ń gbé béèsì) 10 ínǹṣì méjì-méjì. 3,000 wáàtì ni wọ́n kọ sára páálí ẹ̀. Àbúrò mi ní kí n ra kékeré, kí n yé da ara mi láàmú. Ìyàwó mi ní ohun tí òun ń fẹ́ ò ju pé kí òun máa gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nínú fíìmù, torí tí a bá yí ohùn sókè ká lè gbọ́ ọ̀rọ̀, ìlù ni yóò fẹ́ fọ́ wa létí. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?*
*— Tíṣà, Ṣágámù*

Tíṣà, ìyàwó yín ni kí ẹ gbọ́ tirẹ̀. Ká ní mo jẹ́ ọ̀lẹ ni, ibẹ̀ ni ǹ bá ti gbé bírò sílẹ̀.

Ẹ wò ó. Fíìmù tí wọ́n ṣe fún hóòmù tíátà, ọ̀nà márùn-ún ni ohùn ń gbà jáde nínú ẹ̀, ẹ̀kẹfà sì jẹ́ ti béèsì nìkan. Ohun tí 5.1 ara páálí túmọ̀ sí nìyẹn. Spíkà ọ̀tún àti tòsì ló ń gbé orin, àwọn ló ń gbé ariwo ọkọ̀ tó ń sáré kọjá. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré ńkọ́? Àárín ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ń gbà, lára spíkà kan tó máa ń dùbúlẹ̀ sísàlẹ̀ tẹlifíṣàn, tí àwa ń pè ní sẹ́ntà. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì, mi ò rí sẹ́ntà níbẹ̀. Ẹ fẹ́ ra èjìká fún ẹni tí ò lẹ́nu.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ rárá, ẹ wọ inú sẹ́tínì rìsífà yín lálẹ́ òní. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ *Center* sí. Tó bá jẹ́ pé rìsífà gbà pé sẹ́ntà wà, tí kò sì sí, ńṣe ló ń da ọ̀rọ̀ ẹnu síta ẹnu ọ̀nà tí kò sẹ́ni níbẹ̀. Ẹ yí i sí *None*, kí ọ̀rọ̀ pín sí ọ̀tún àti òsì. Ó lè jẹ́ ìdajì ẹjọ́ ìyàwó yín nìyẹn, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ó kan 3,000 wáàtì. Lẹ́tà mẹ́rin kan wà tó máa ń sá pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà ńlá bẹ́ẹ̀: PMPO. Agbára tí ẹ̀rọ lè pọ̀ jáde fún ìwọ̀nba àkókò tí èèyàn fi ń ṣẹ́jú ni, nínú àlá ẹni tó kọ ọ́. RMS ni kí ẹ máa wá, ìyẹn agbára tí ẹ̀rọ lè máa gbé jáde láìdáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kan tiẹ̀ wà tó wúlò ju wáàtì lọ, tí àwọn ọlọ́jà kì í dárúkọ ẹ̀: 86 dB, 88 dB, 91 dB, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé spíkà; dB ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe pariwo tó. Ó ń sọ bí spíkà ṣe máa dún tó tí ẹ bá fún un ní wáàtì kan péré, tí ẹ sì dúró sí mítà kan síwájú ẹ̀. Spíkà tó bá fi 3 dB ju èkejì lọ, ìdajì iná tí èkejì ń jẹ ni yóò jẹ tí wọn yóò fi dún dọ́gba.

Tíṣà ni yín, ẹ bá mi ṣírò. Spíkà 88 dB, wáàtì 1 fún yín ní 88. Wáàtì 2 fún yín ní 91, wáàtì 4 fún yín ní 94, 8 fún yín ní 97, 16 fún yín ní 100. Ẹ ẹ̀ tíì lo ìdá mẹ́rin rìsífà yín, àwọn ọmọ ti ń di etí. Tí ẹ bá fi máa dé 64, 106 ni, alájọgbélé yín á ti dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì. Lóòótọ́, lọ́pọ̀ ìgbà spíkà kan tàbí méjì ni wọ́n fi ń wọn 80 wáàtì tí wọ́n kọ yẹn, kì í ṣe márààrún lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ṣì tó. Ohun tí mo bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má ra èyí tí wọ́n kọ 4 ohm sí lẹ́yìn; ohm ni wọ́n fi ń wọn bí spíkà ṣe ń dènà iná tó. Ẹ wá 8, 6 náà ò burú. 4 ohm máa ń fa iná lára rìsífà bí ọmọ tí ebi ń pa ṣe ń fa ọmú, nínú ooru oṣù kẹta, pẹ̀lú rìsífà tí ẹ tì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, á kàn pa ara ẹ̀ lágbede méjì fíìmù ni.

Wàyí o, pálọ̀ yín. Ibẹ̀ gan-an lọ́rọ̀ wà.

Ẹ dúró láàárín ẹ̀ lọ́sàn-án tí kò sí ẹnikẹ́ni nílé, ẹ pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Tí ẹ bá gbọ́ *pá-rá-rá-rá* bí ìgbà tí wọ́n da ẹ̀pà sórí páànù, táìlì àti ògiri ló ń ju ohùn síra wọn. Ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ á máa bá èyí tó ti lọ ní ẹnu ọ̀nà, etí ò ní mọ èwo ni èwo. Spíkà olówó iyebíye kò lè wo èyí sàn. Rọ́ọ̀gì tó nípọn láàárín spíkà àti àga ló ń wò ó, pẹ̀lú kọ́tìnì tó wúwo lójú fèrèsé. Ìwé yín náà wúlò: ẹ kó o sí ṣẹ́ẹ̀fù lára ògiri tó wà lẹ́yìn àga, ẹ má tò ó dọ́gba, kí ó máa fọ́n ohùn ká. Tí ẹ bá ṣe ìyẹn tán, ohùn yẹ kó máa ya ara ẹ̀ hóró-hóró bíi gàrí Ìjẹ̀bú.

Béèsì ní tirẹ̀, rọ́ọ̀gì ò lè mú un. Ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹsẹ̀ bàtà 14 jẹ́ mítà 4.27. Ẹ sọ 4.27 di ìlọ́po méjì, ẹ fi pín 343, bíi 40 ni yóò jáde. Ohùn tó ń gbọ̀n nígbà 40 láàárín ìṣẹ́jú àáyá, 40 Hz nìyẹn, yóò lọ kan ògiri, yóò padà, yóò pàdé ara ẹ̀ lọ́nà, yóò wú. Ẹsẹ̀ 12 ń wú 47 Hz ní tirẹ̀. Kí ló wà nítòsí 40 Hz? Okùn tó nípọn jù lára jìtá béèsì, 41 Hz ni. Nítorí náà ìgbàkígbà tí olórin jùjú bá fa okùn yẹn, pálọ̀ yín á gba orin náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ wá lọ gbé wúfà 10 ínǹṣì mẹ́rin síbẹ̀, kí wọ́n máa pọn ún lójú.

Ó ṣe mí rí ni mo ṣe ń sọ ọ́. Ní 1987, ẹgbẹ́ olórin kan túká, mo ra spíkà wọn méjì, ó ga dé èjìká mi. Ìjẹ̀bú ni mí, ẹ mọ̀ wá. Mo fẹ́ kí àlejò wọlé kó kọ́kọ́ ya ẹnu. Pálọ̀ mi ní Mọlípá nígbà náà, tẹ̀ràsò ló wà nílẹ̀, gíláàsì lúfà ló wà ní fèrèsé. Mo gbé spíkà kọ̀ọ̀kan sí igun ilé kí àga lè ráyè. Mi ò mọ̀ pé igun ilé fún béèsì dà bí ìkòkò fún ẹni tó kó ẹnu sínú ẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo fi àwo àpàlà kan sí i, ti ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó yẹn, ẹ mọ ẹni tí mò ń sọ. Agídìgbo bẹ̀rẹ̀. Gíláàsì lúfà ń gbọ̀n gìrìgìrì. Fọ́tò ìyá ìyàwó mi tó wà lára ògiri ń rọra yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń yẹ̀, mo ń wò ó, mi ò ronú pé ó lè já. Ó já. Gíláàsì ẹ̀ fọ́ sórí tẹ̀ràsò. Ìyàwó mi ò sọ nǹkan kan. Ó mú ìgbálẹ̀, ó gbá a, ó wọ yàrá lọ. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí mo ti gbé spíkà kúrò ní igun.

Nítorí náà: ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà méjì sílẹ̀ láàárín spíkà àti ògiri ẹ̀yìn, kó má bàa kéré ju ẹsẹ̀ kan ààbọ̀. Ẹ gbé tẹlifíṣàn sí ojú ìbú tó jẹ́ ẹsẹ̀ 12, kí spíkà méjèèjì jìnnà síra tó ẹsẹ̀ 7 tàbí 8, kí àga yín náà jìnnà sí wọn tó bẹ́ẹ̀ tàbí kó fi díẹ̀ lé e, ẹ yí wọn wọnú díẹ̀ kí wọ́n máa wo ojú yín. Ẹ má ti àga kan ògiri ẹ̀yìn, ibẹ̀ ni béèsì ń kó jọ sí. Tuwítà, ìyẹn awo kékeré tó ń gbé ohùn tínrín, gbọ́dọ̀ bá etí yín dọ́gba tí ẹ bá jókòó, bíi ínǹṣì 36 sí 40 láti ilẹ̀. Èyí tó ga jù bẹ́ẹ̀, irun orí yín ló ń kọrin fún. Tí spíkà bá ní ihò lẹ́yìn, tí àyè ò sì tó, ẹ ká ìbọ̀sẹ̀ mímọ́ sínú ihò náà. Béèsì á rọlẹ̀, eku náà ò sì ní fi í ṣe ilé. (Mo ti bá ọmọ eku mẹ́fà nínú spíkà kan rí. Wọ́n ti jẹ gbogbo òwú inú ẹ̀ tán.)

Ohun tí màá rà tó bá jẹ́ èmi rèé. Gogoro tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, wúfà 5.25 tàbí 6.5 ínǹṣì méjì-méjì, 88 dB sókè. Àbúrò yín gbà yín ní ìmọ̀ràn tó dáa pé kékeré tó, ṣùgbọ́n kékeré máa béèrè àga tí yóò dúró lé, àga yẹn náà máa gba ilẹ̀, owó ẹ̀ náà máa gba àpò. Gogoro tẹ́ẹ́rẹ́ kò gba ilẹ̀ jù ú lọ. Kí ìdajì owó yín lọ sórí àwọn méjèèjì, kí ìdá mẹ́rin lọ sórí sẹ́ntà, ilé-iṣẹ́ kan náà, ìran kan náà. Tí sẹ́ntà bá jẹ́ ọmọ ilé ibòmíràn, ọkọ̀ tó ń ti òsì lọ sọ́tùn-ún á pààrọ̀ ohùn láàárín ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n fi elòmíràn rọ́pò. Èyí tó kù, rọ́ọ̀gì àti wáyà. Spíkà ẹ̀yìn méjì àti wúfà ńlá, ìyẹn àpótí ọ̀tọ̀ tó wà fún béèsì nìkan, lè dúró di ọdún tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá sì ra wúfà ńlá náà, ẹ padà sínú sẹ́tínì, ẹ sọ fún rìsífà pé gogoro yín *Small* ni, kí ó gé wọn ní 80 Hz, kí ohun tó wà nísàlẹ̀ ìyẹn máa lọ sọ́dọ̀ wúfà ńlá. Mo mọ̀ pé ó máa dun Ìjẹ̀bú láti fọwọ́ ara ẹ̀ pe nǹkan tó ga dé àyà ní kékeré. Ẹ pè é bẹ́ẹ̀.

Ẹ ò bi mí ní orúkọ, ṣùgbọ́n ẹ máa bi mí. Klipsch, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1946 ní ìlú kan tó ń jẹ́ Hope ní Arkansas, Amẹ́ríkà, máa ń fi ìwo síwájú tuwítà. Iná díẹ̀ ni wọ́n ń jẹ, ọ̀rọ̀ ẹnu sì ń yọ ketekete lára wọn, àmọ́ nínú pálọ̀ táìlì gbalasa wọ́n lè gún etí. Wharfedale ti 1932 àti KEF ti 1961, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn méjèèjì, wọ́n rọ̀ létí mi jù. Polk láti Baltimore, 1972, wà láàárín. Mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìkankan nínú wọn. Tòkunbọ̀ tó ṣì yè nínú wọn sàn ju tuntun tí ẹ ò mọ bàbá ẹ̀.

Tí ẹ bá dé ọjà, ẹ mú orin tiyín lọ lórí fláàṣì. Orin tí ẹ ti gbọ́ títí tí ẹ mọ ibi tí onílù ti wúkọ́. Ẹ mú èyí tó ní ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀: ọkà ara ẹ̀ yẹ kó máa dún lọ́kọ̀ọ̀kan, tó bá ń dún *ṣààà* bí omi ẹ̀rọ, tuwítà yẹn ò dáa. Ẹ mú ohùn ẹni tó ń ka ìròyìn pẹ̀lú, ọkùnrin. Tó bá dún bíi pé inú garawa ló wà, ẹ máa lọ. Ẹ ní kí wọ́n pa gbogbo bọ́tìnnì béèsì. Ẹ sì ṣọ́ ọwọ́ ẹni tó ń tà: tó bá fẹ́ kí ẹ ra èyí tó wọ́n, á rọra yí ohùn ẹ̀ sókè díẹ̀, torí etí èèyàn, èyí tó bá pariwo jù ló ń pè ní dáadáa.

Ẹ fi oríkèé ìka kan ẹ̀gbẹ́ spíkà. Tó bá dún *gbọ̀n* bí àpótí ọṣẹ, pákó ẹ̀ tín-ín-rín. Èyí tó dáa máa dún bí ìgbà tí ẹ kan ògiri. Ẹ gbé e wò náà, ṣùgbọ́n ẹ má fi wíwúwo nìkan ra nǹkan. Oníbàárà mi kan láti Odògbolù gbé gogoro kan wá tí tuwítà ẹ̀ ò dún. Mo tú u. Ike tí wọ́n kùn ní fàdákà ni tuwítà náà, wáyà ò dé ibẹ̀ rí látọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Nísàlẹ̀ àpótí, wọ́n fi kọnkéré kan tó tó ìṣù iyán gúnwà síbẹ̀ kó lè wúwo lọ́wọ́. Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó jókòó. Nítorí náà, ẹ fi etí yín sún mọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wúfà, tuwítà, gbogbo wọn, kí olúkúlùkù sọ̀rọ̀ kí ẹ tó sanwó.

*Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọkọ mi ra spíkà gogoro tòkunbọ̀ méjì, ó sì so ó fúnra ẹ̀. Ohùn ń jáde ṣùgbọ́n ó fẹ́lẹ́. Béèsì ò sí, ẹni tó ń kọrin ò sì dà bí ẹni tó wà níwájú wa, ó dà bíi pé orí àjà ló wà. Ọ̀kan tún ń dún kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀. Ẹni tó tà á fún wa ò gbé fóònù mọ́. Ṣé owó wa ti wọ igbó ni?*
*— Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Òde*

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú wọn. Owó yín ò wọ igbó, bóyá ó kàn yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Ẹ kọ́kọ́ wo wáyà. Lẹ́yìn spíkà kọ̀ọ̀kan, ibi ìso méjì ló wà, pupa àti dúdú. Bẹ́ẹ̀ náà ló wà lẹ́yìn rìsífà. Pupa sí pupa, dúdú sí dúdú. Tí ọkọ yín bá so ọ̀kan bẹ́ẹ̀, tó wá dorí èkejì kodò, nígbà tí wúfà ọ̀tún bá ń ti afẹ́fẹ́ síta, tòsì á máa fà á wọlé. Ohun tí ọ̀kan ń fún yín ni èkejì ń gbà padà. Béèsì ló ń kọ́kọ́ kú nínú irú ìjà bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń kọrin náà kì í sì rí àárín dúró sí mọ́. Ẹ wo ara wáyà dáadáa, ẹ̀gbẹ́ kan máa ń ní ìlà tàbí ìkọ̀wé lára. Ẹ̀gbẹ́ yẹn ni kí ẹ mú fún pupa níbi gbogbo.

Tó bá jẹ́ pé wọ́n ti tú spíkà náà tún ṣe rí, ó lè jẹ́ inú ẹ̀ ni wọ́n ti so ó sódì. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì 1.5 volt á sọ òótọ́ fún yín. Ẹ yọ wáyà kúrò lára rìsífà tán pátápátá. Ẹ mú ẹnu wáyà méjèèjì, ẹ fi ti pupa kan orí bátìrì, ẹ fi ti dúdú kan ìdí ẹ̀, ẹ kàn án báyìí, ẹ jáwọ́ kíá. Ẹ máa gbọ́ *pọ́* kékeré kan. Kí ẹnìkan máa wo wúfà. Tó bá yọ síta díẹ̀ bí àyà ọmọ tó mí nínú oorun, ó tọ́. Tó bá wọlé, wọ́n so ó sódì. Ẹ ṣe èkejì bákan náà. Bátìrì kékeré yẹn nìkan o, ẹ má lo ti mọ́tò.

Kí ọkọ yín má tijú. Èmi yìí so ti ṣọ́ọ̀ṣì kan bẹ́ẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ lọ́jọ́ ìkórè. Akọrin ń kọ, béèsì ò sí, mò ń yí bọ́tìnnì, mò ń yí bọ́tìnnì, òógùn bò mí. Ọmọ iṣẹ́ mi, ọmọ ọdún 16, ló dìde, ó lọ síbi wáyà, ó yí i padà, ó wá jókòó. Kò wo ojú mi títí a fi délé.

Kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀ yẹn, ẹ tan iná tọ́ọ̀ṣì sí etí wúfà. Fóòmù ló máa ń yí etí àwọn tó ti pẹ́ ká, fóòmù yẹn sì máa ń jẹrà fúnra ẹ̀ láìsẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, ooru àti ọ̀rinrin sì ń yára sí i. Ẹ fi ìka kàn án. Tó bá rún mọ́ yín lọ́wọ́ bí àkàrà àná, ìyẹn náà nìyẹn. Ẹni tó mọṣẹ́ á gé e kúrò, á lẹ tuntun mọ́ ọn, wúfà náà á tún lo ọdún púpọ̀. Tí etí ẹ̀ bá jẹ́ rọ́bà, tí kò sì ya, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé kọ́ọ̀nù, awo àárín ẹ̀, ẹ tì í wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ọwọ́ méjèèjì dọ́gba. Tí ẹ bá gbọ́ pé nǹkan ń ha nínú, kọ́ìlì ẹ̀, wáyà tí wọ́n wé sẹ́yìn awo náà, ti yẹ̀ tàbí ó ti jó. Ẹ gbé ìyẹn wá.

Ẹ tún fi ọ̀bẹ họ wáyà tí ọkọ yín rà. Tí inú ẹ̀ bá funfun bíi fàdákà, alúmíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà pa lára ni. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má san owó bàbà fún un.

*Bàbá, ẹ̀gbọ́n mi ní Amẹ́ríkà fẹ́ fi rìsífà àti spíkà gogoro méjì ránṣẹ́ sí mi. Àwọn èèyàn ní yóò jó torí iná. Òótọ́ ni?*
*— Ọmọ Ìpẹru*

Spíkà gogoro ò mọ ìlú tó wà. Kò ní pulọ́ọ̀gì, ohun tí rìsífà bá fún un ló ń jẹ. Rìsífà ni kí o bẹ̀rù fún. Iná ilé ní Amẹ́ríkà jẹ́ 120 volt, tiwa jẹ́ 230 sí 240. Kí ẹ̀gbọ́n rẹ ya fọ́tò ẹ̀yìn ẹ̀ ránṣẹ́. Tí wọ́n bá kọ 100–240V, kò séwu. Tó bá jẹ́ 120V nìkan, o máa nílò tiransifọ́mà tí ń bu iná kù, kí agbára ẹ̀ tó ìlọ́po méjì wáàtì tí wọ́n kọ pé rìsífà ń jẹ, kí ó má bàa gbóná pa ara ẹ̀. Lọ́jọ́ tí àlejò bá sì yọ pulọ́ọ̀gì láti fi ṣáájì fóònù, tó wá dá a padà sára ògiri tààrà, rìsífà ti lọ nìyẹn. Ní tèmi, kí ó fi spíkà nìkan ránṣẹ́, kí o ra rìsífà níbí. Tí ínfátà bá wà nílé yín, rí i pé *pure sine wave* ni, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ rìsífà lè máa kùn bí oyin.

*Bàbá wa, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Àgọ́-Ìwòyè. Ọ̀rẹ́ mi tó ń fi ẹ̀rọ ohùn ṣeré òde fẹ́ ta spíkà òde ìnáwó méjì fún mi ní ẹ̀dínwó. Ṣé mo lè fi wo fíìmù nínú yàrá mi?*
*— Ọmọ Àgọ́*

Yàrá rẹ tó bí ẹsẹ̀ mélòó? Spíkà òde, kí ohùn lè fò kọjá kánópì dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń bu ìkọ́kọrẹ́ lẹ́yìn ilé ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Tí o bá jókòó sí ẹsẹ̀ mẹ́fà síwájú ẹ̀, *ṣììì* tó ń jáde lára ẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ nínú fíìmù kò ní jẹ́ kí o gbádùn. Béèsì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá náà, ọ̀pọ̀ wọn kì í dé ibẹ̀, àyà tí ń gbọ̀n lóde ìnáwó, wúfà ńlá inú àpótí ọ̀tọ̀ ló ń ṣe é. Fi owó yẹn ra ẹ́fóònù tó dáa, kí o sì kàwé.

*Bàbá, ẹ sọ nípa spíkà ńlá kan tí ẹ ní láyé àtijọ́ nígbà kan. Ṣé ẹ ṣì ní i? Mo fẹ́ rà á.*
*— Oníbàárà, Ìjẹ̀bú-Igbó*

Mo ṣì ní i. Kì í ṣe fún títà. Ológbò ṣọ́ọ̀bù ló ń sùn lórí ọ̀kan. Èkejì wà nílé, ìyàwó mi fi aṣọ òkè bò ó, ó gbé òdòdó lé e, ó sì gbé fọ́tò ìyá ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó náà. Gíláàsì tuntun la fi sí i.